Ẹja Tí A Dá Padà Sínú Ibú

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ti ká ẹní rẹ̀ tí oòrùn sì gba gbogbo ojú ọ̀run fún ara rẹ̀, ọmọ àbúrò mi ránṣẹ́ sí mi ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí mo fìdí kalẹ̀ sí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, pé kí n jọ̀wọ́ kí n wá sílé, kí n wá fi ẹsẹ̀ tẹ ibi iṣẹ́ tuntun tí òun dá sílẹ̀, kí n sì fi ẹnu àgbà wúre sí i. Mo gba Òṣogbo, mo gba Ìkìrun, títí mo fi wọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú Ajagúnnlá, ìlú àwa ọmọ Ògbó, àdá àtayébáyé tí àwọn baba ńlá wa gbà pé ó mọ̀nà nínú igbó kìjikìji, tí a sì torí rẹ̀ ń jẹ́ Igbómìnà títí di òní olónìí.

Iṣẹ́ ọ̀sìn ẹja ni ọmọ náà dá sílẹ̀. Ó di apá mi mú bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn àdúgbò wa, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ rọra o, ilẹ̀ ibí yìí ń yọ̀," títí a fi dé ibi tí adágún mẹ́jọ tí a fi pákó àti tapólì ṣe tò sí ẹgbẹ́ ara wọn. Ó bu oúnjẹ ẹja oníkóró kéékèèké ní ẹ̀kún igbá kan, ó fọ́n ọn sójú omi, omi náà sì hó yèè, àwọn àrọ̀ ń gun ara wọn lórí, wọ́n lanu sí òkè, ìrù wọn ń pa omi pàpàpà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀ lórí páànù. Inú mi dùn. Mo ní ẹni tó bá da omi síwájú a tẹ ilẹ̀ tútù, mo ní iṣẹ́ náà yóò gbè é. Ó ṣe àmín, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹja inú odò ti tán. Ẹja ọwọ́ ẹni nìkan ló kù fún wa."

Ìgbà náà ni mo tó wo ilẹ̀ tí mo dúró lé. Mo rí òkúta pẹrẹsẹ kan tí mo mọ̀, mo rí kùkùté igi ìyeyè tí wọ́n ti gé, mo sì mọ̀ pé inú ibú ni mo wà. Ibi tí omi ti máa ń mu ọmọ ọdún mẹ́jọ dé ọrùn nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni mo dúró sí tí eruku sì bo bàtà mi. Odò náà ti di ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ́ lọ láàárín ọ̀rá omi àti yanrìn tí àgbàrá kó wá láti ojú títì. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi ṣe ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe lè máa pa ẹja kí ẹja má sì tán nínú omi; mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mo ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo ti dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè; ṣùgbọ́n ibú tí mo ti kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ń ṣe é ti gbẹ, n kò sì mọ ọdún tó gbẹ.

Ẹni tí kò bá tíì pé ọgọ́ta ọdún lè má mọ bí ẹja tútù ti ṣọ̀wọ́n tó ní ilẹ̀ wa nígbà náà. A kò sí létí òkun, a kò sí létí ọ̀sà. Ẹja tí a mọ̀ lọ́jà ni panla tó le bí igi, àti ẹja yíyan tí àwọn alájàpá ń gbé wá láti Jẹ́bà, tí wọ́n ti ká ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu kí iná tó rà á. Títọ́ọ̀sì àti Kóòtè inú páálí, tí gbogbo ilé ń sè lónìí, kò tíì mọ ọ̀nà Ìlá. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́n ibú ní ẹ̀yìn àdúgbò wa, ọdún ni lójú àwa ọmọdé.

Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni olórí àwọn obìnrin tó ni ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí òjò bá ti dá títí di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dẹ ìgèrè tàbí kí ó sọ ìwọ̀ síbẹ̀, nítorí àalè ti wà lẹ́nu ọ̀nà: màrìwò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka ìyeyè, ìkarahun ìgbín àti àjákù ìgbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí àkókò bá wá tó, tí omi fà tí ó kù sí ibi jíjìn nìkan, àwọn obìnrin á fi amọ̀ àti ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sé òkè odò, wọ́n á tò yí ibú ká tàwọn ti igbá lọ́wọ́, wọ́n á sì máa gbọ́n omi náà dànù pẹ̀lú orin, igbá ń lọ, igbá ń bọ̀, títí omi yóò fi sọ̀kalẹ̀ láti àyà dé orúnkún, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, tí ẹ̀yìn àwọn àrọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ dúdú nínú ẹrẹ̀. Ìgbà náà ni àwa ọmọdé á bọ́ sínú ẹrẹ̀ tariwotariwo. Òjíjí á gbọn ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kú, àwọn ìyá wa á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Kíkó ẹja kọ́ ni iṣẹ́ Ìyá Àgbà. Pínpín rẹ̀ ni. Orí òkúta pẹrẹsẹ yẹn ni ó ń jókòó sí. Àwọn opó àti àwọn aboyún ló kọ́kọ́ ń fún, lẹ́yìn náà ni ó kan agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹja tí kò bá gùn tó láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé orí ìka àárín, inú ìkòkò omi ni ó ń sọ ọ́ sí, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé e lọ sí ibú kékeré kan tó wà lókè díẹ̀, èyí tí a kì í gbọ́n láéláé. Àrọ̀ méjì tó bá sì tóbi jù lọ, tí ẹnu gbogbo wa ti ń pomi sí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi àpò ọ̀pẹ gbé wọn lọ síbẹ̀. Ìyá odò ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí n tó kà á nínú ìwé pé abo ẹja tó tóbi ń yé ẹyin ní ìlọ́po-ìlọ́po ju abo kékeré lọ, àti pé ẹni tó bá pa irú rẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ẹja tí kò tíì sí.

Mo jí ẹja kan ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ọmọ àrọ̀ kan tí kò gùn ju ìka àárín mi lọ ni. Mo fi ewé kókò wé e, mo fi há abẹ́ aṣọ, mo sì gba ẹ̀yìn ilé lọ tú u wò. Mo rí orí rẹ̀ tó tẹ́ bí ojú ṣíbí, mo ka irùngbọ̀n rẹ̀, ó pé mẹ́jọ, mẹ́rin gùn, mẹ́rin kúrú. Ojú rẹ̀ kò ju kóró ata lọ. Ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹnu ń yà mí pé kò kú. Ó wà lórí ewé gbígbẹ, ó ń lanu, ó ń panu dé, ó ń gba afẹ́fẹ́ tí èmi náà ń gbà. Òjìji Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bò wá mọ́lẹ̀. Kò nà mí. Ó wọlé lọ, ó bu omi sínú igbá, ó fi ẹja náà sí i, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì tẹ̀ lé mi lẹ́yìn ní àṣálẹ́ padà lọ sí ibú òkè, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bí omi bá dànù, a ó padà wá bu òmíràn. Nígbà tí mo da ẹja náà sómi tán, tí mo ń sunkún, ó ní, "Tìrẹ náà ni. Ṣùgbọ́n ti àmọ́dún ni."

N kò ní ṣe é bí ẹni pé adùn nìkan ló wà nígbà náà. Ibú yẹn kan náà ni a ń pọn omi mu, ibẹ̀ ni a sì ti ń mu sòbìà. Mo rí arákùnrin bàbá mi tó dùbúlẹ̀ ní àkókò tí gbogbo ayé ń kọ ebè, tí aràn funfun náà ń yọ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi igi pẹ́lẹ́bẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí oko rẹ̀ di igbó ní ọdún yẹn. A ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà láti ọ̀run. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà, n kò sì rí ẹni tó máa sọ fún mi pé kí ó padà wá nítorí pé ayé àtijọ́ dára.

Àalè náà pẹ̀lú kì í ṣe ohun tó ṣojúure sí gbogbo ènìyàn. Obìnrin kan wà tí wọ́n fẹ́ wá sí àdúgbò wa láti ìlú mìíràn, tí wọ́n ní ó dẹ ìgèrè sínú ibú lóru. Bóyá ó dẹ ẹ́, bóyá kò dẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò rí i. Nígbà tí òjò dé, ibà mú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì kú, ni gbogbo ènìyàn bá ní odò ti dájọ́. Mo rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kó jáde nílé ọkọ rẹ̀, ẹrù kan ṣoṣo lórí, kò wo ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó sìn ín. Ìyá Àgbà mi wà láàárín àwọn tó dákẹ́. Mo fẹ́ràn ìyá náà ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn wà lára ohun tí mo mọ̀ nípa bí a ti ń ṣọ́ omi: ìbẹ̀rù ló ń bá òfin ṣiṣẹ́, ìbẹ̀rù kì í sì í bi ẹjọ́ kí ó tó dá a.

Bàbá mi ní tirẹ̀, ẹmu ló ń dá, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin Ìlá. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń fi igbà gun ọ̀pẹ, akèrègbè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní àwọn ọ̀pẹ tí kò ní fọwọ́ kàn fún àkókò gígùn kí ara wọn lè padà bọ̀ sípò. Ó ti gbọ́ pé àwọn kan wà ní ilẹ̀ ibòmíràn tí wọ́n ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá a, tí ẹmu á sì máa ya bí omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìròyìn náà kò yé e rárá. Nígbà tí mo wá wọ Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1969, ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n kó o kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀, tí olùkọ́ wa gbé ìwé ńlá tí Beverton àti Holt ṣe ní 1957 sílẹ̀ níwájú wa, tí ó ń fi ìṣirò ṣàlàyé bí a ṣe lè mọ iye ẹja tí a lè mú lọ́dọọdún àti bí ojú àwọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ọmọ ẹja lè bọ́, igbà bàbá mi ni mo ń rí lọ́kàn. Èyí ló mú kí n yan iṣẹ́ náà. Ìbátan mi kan ní kí n lọ ka ìwé òfin, kí ni ọmọ Ìlá ní ṣe pẹ̀lú ẹja?

Ọdún 1974 ni mo kọ́kọ́ rí adágún Káíńjì. A ti sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, a ti la Mókwá kọjá, a dé New Bussa ní àṣálẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá mi létí omi tí n kò rí òdìkejì rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò náà ní 1964, wọ́n ṣí ìsédò náà ní 1969 kí iná mànàmáná lè wà, omi sì tẹ́ lọ ní ìwọ̀n tó lé ní kìlómítà 130 ní gígùn. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tí wọ́n ṣí nípò. Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park kú sí lójú odò ní 1806, wà ní ìsàlẹ̀ omi. Àwọn igi ògbólógbòó tí omi pa ṣì dúró, wọ́n na ọwọ́ gbígbẹ sókè, ẹyẹ ìpẹja sì jókòó sórí wọn.

Iṣẹ́ mi ni kí n wà ní èbúté kí oòrùn tó là. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, màá tẹ́ ẹja sórí pákó ìwọ̀n, màá wọ̀n ọ́n láti imú dé ìrù, màá gbé e lé òṣùwọ̀n, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì nítorí pé yíǹkì máa ń tú nínú omi. Òórùn ẹja yíyan kò kúrò lára aṣọ mi fún ọdún púpọ̀. Ìyàwó mi ní òun lè fi òórùn náà mọ̀ pé mo ti wọ àdúgbò. Ohun tí ìwé wa ń sọ kò dára. Ní 1970, nígbà tí adágún náà ṣì jẹ́ tuntun, ó lé ní 28,000 tọ́ọ̀nù ẹja tí wọ́n pa níbẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1978, kò tó 5,000 mọ́. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìṣe omi: omi tuntun a máa jẹ ọ̀rá ilẹ̀ oko àti igbó tó gbé mì, ẹja á pọ̀ yanturu, bí ọ̀rá náà bá tán, ẹja á dínkù. Apá kejì jẹ́ ọwọ́ ènìyàn, nítorí ìròyìn ọ̀pọ̀ yanturu yẹn ti pe apẹja jọ láti ibi gbogbo.

Ìpàdé kan wáyé ní abúlé etídò kan ní àkókò náà, tí wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé fún àwọn apẹja ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ lo àwọ̀n ojú kékeré. Mo ṣe é pẹ̀lú àwòrán. Ògbufọ̀ ń gbé e lọ sí èdè Haúsá. Nígbà tí mo parí, alàgbà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú dìde, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn, ó ní kí omi yìí tó dé, kò sí ibú kan nínú odò yìí tí kò ní ẹni tó ni ín. Sarkin Ruwa, ọba omi, wà, ẹni tí ó ń sọ ọjọ́ tí a ó wọ̀ ọ́ àti ọjọ́ tí a ó jáde. Nísinsìnyí tí ẹ ti fi omi kan bo gbogbo wọn, ta ló ni í? Aláṣẹ tó bá mi wá dáhùn pé ìjọba ni. Alàgbà náà wo omi títí, ó ní, "Ìjọba kì í sùn sí etídò."

N kò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo wọ̀n gbogbo ẹja tó wà ní èbúté ní òwúrọ̀ yẹn, mo mọ gígùn wọn àti ìwọ̀n wọn dé orí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ alàgbà náà nínú àtẹ ìṣirò mi. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Mo ti gun igi ìwé ní tèmi, mo sì padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láti máa fi àròkọ tí Garrett Hardin kọ ní 1968 kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, èyí tó sọ pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni yóò bà á jẹ́, àfi kí ìjọba gbà á tàbí kí a tà á fún ẹnìkan. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láìṣiyèméjì, èmi tí wọ́n fi igbá omi lé lọ́wọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lára gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe lẹ́nu iṣẹ́, èyí ló dùn mí jù.

Ní 1990 ni Elinor Ostrom, obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ jáde, tó fi hàn láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pé àwọn ará ìlú lè ṣọ́ omi, igbó àti pápá tí wọ́n jọ ni fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìbà á jẹ́, bí wọ́n bá mọ ààlà rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó ń jẹ níbẹ̀ ló ṣe òfin rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá sì jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Mo ka ìwé náà tán ní òru méjì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: kò sí ohun pàtàkì nínú rẹ̀ tí n kò ti rí lórí òkúta pẹrẹsẹ lẹ́yìn ilé wa.

Àsìkò náà bọ́ sí i pé ìjọba Nàìjíríà àti ti Jámánì jọ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ lórí Káíńjì láti 1993 sí 2001, mo sì bá wọn ṣe níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹja kéékèèké tí kò ju ìka lọ ni àwọn apẹja ń kó nígbà náà, pẹ̀lú àwọ̀n gígùn tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fà wá sí etídò, èyí tí ń gbá ọmọ ẹja gbogbo mọ́ra. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò jókòó sí ọ́fíìsì kọ òfin lásán mọ́. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ́míà Borgu àti Yauri, wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn olórí apẹja, abúlé kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n tó fòfin de àwọ̀n fífà náà. Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Mo ṣì rántí ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé àwọ̀n rẹ̀ wá fi sílẹ̀, tó bi mí ní ohun tí àwọn ọmọ òun yóò jẹ títí ẹja yóò fi dàgbà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, n kò sì ní ìdáhùn tó yó o. Nígbà tí owó àti epo ọkọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ omi dínkù lẹ́yìn náà, àwọ̀n ojú kékeré tún yọjú.

Ọ̀nà kan náà ló gbé mi dé Argungu, níbi tí wọ́n ti ń ti apá odò kan pa fún gbogbo ọdún, tí wọ́n sì ń ṣí i ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin lè bẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ńlá. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2005, ẹja kan tí wọ́n mú níbẹ̀ wọ̀n tó kìlógíráàmù 75. Ènìyàn kan tó dúró tì mí ní agbára oògùn ni. Mo ní bóyá, ṣùgbọ́n oògùn náà ni pé wọ́n fi í sílẹ̀.

Nílé wa níhìn-ín, Òṣogbo kò kéré sí Argungu. Orúkọ oyè ọba wọn pàápàá, Atáọjà, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí, a kì í sì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, igbó tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Mo ti dúró lórí afárá ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí a ń wo ẹja ńláńlá tí wọn kò sá fún òjìji ènìyàn. Lónìí, omi Yèyé Ọ̀ṣun ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Ní ọdún 2022, àwọn aláṣẹ ìlera kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún. Ìwọ̀ kankan kò kan ẹja náà. Àalè etí ibú kò lè dé ibi tí wọ́n ti ń rú omi náà, ọ̀rọ̀ ìjọba sì ni èyí, ìjọba gan-an tí alàgbà Káíńjì ní kì í sùn sí etídò. Kí ó wá sùn síbẹ̀ nígbà yìí.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ àbúrò mi. N kò bá a wí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ ilé mẹ́ta, ó sì ti gbé ẹja tútù dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí kò rí i rà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ní kí ó ka ohun tó wà lára àpò oúnjẹ ẹja fún mi. Ó kà á: àgbàdo, sóyà, ẹja òkun lílọ̀. Mo sọ fún un pé ní Senegal, Gambia àti Mauritania, ilé iṣẹ́ wà tí ń lọ ẹja tí ènìyàn ì bá jẹ di ìyẹ̀fun fún ẹja ọ̀sìn, nítorí náà àwọn àrọ̀ inú tapólì yìí ṣì ń jẹun láti inú omi tí ẹnìkan ní láti ṣọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò sọ èyí fún mi rí." Òótọ́ ni. Mo ti sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú, n kò sọ ọ́ ní Ìlá.

Àwa méjèèjì jọ gòkè lọ wo ibú kékeré, èyí tí a kì í gbọ́n. Igbó ti bò ó, yanrìn ti wọ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọmọ Ìlá nílé lóko: kí òjò ọdún yìí tó dé, ẹ jẹ́ kí a kó yanrìn náà kúrò. Ẹ jẹ́ kí a yan obìnrin márùn-ún nínú àwọn agbo ilé tó yí i ká, yálà a bí wọn síbẹ̀ ni o, yálà a fẹ́ wọn wá ni o, kí ọjọ́ ṣíṣí àti ọjọ́ títì wà lọ́wọ́ wọn, kí òfin rẹ̀ sì wà ní kíkọ sára pákó lójú ọ̀nà, kí ó má bàa jẹ́ pé ikú ọmọ ẹnikẹ́ni ni a ó tún fi dájọ́. Ọmọ àbúrò mi ní òun yóò da ọmọ àrọ̀ síbẹ̀. Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹja ọ̀sìn kọ́ ni ẹja odò, bí omi bá ti jìn tí àgbàrá bá sì dé, àrọ̀ fúnra wọn yóò gòkè wá. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ibú náà kí n tó padà sí Ifẹ̀. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlélógún ni ní gígùn, méje ni ní ìbú, omi ibi tó jìn jù lọ sì mu mí dé orúnkún.